Alhaja Sẹ̀kínát Àbẹ̀kẹ́ Ọláìyá (1956–2025), Ìyá Tó Ń Béèrè Ẹni Tó Ṣubú Nílé

Ẹbí Shittu ti Agboyi àti ẹbí Ọláìyá ti Ìkòsì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ yín sílẹ̀ wá bá wa ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ ìyá wa. Ẹ ṣeun púpọ̀. A kò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín. Ìtàn tó wà nísàlẹ̀ yìí, àwa ọmọ ni a jọ kọ ọ́. Ibi tó bá ti gùn jù, ẹ forí jì wá. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kì í mọ ibi tó yẹ kí òun ti dákẹ́.

Agboyi ní ìpínlẹ̀ Èkó, létí odò Ògùn, ni wọ́n ti bí Alhaja Sẹ̀kínát Àbẹ̀kẹ́ ní ọdún 1956, ní àsìkò tí omi kún wọ àgbàlá. Bàbá wọn ni Pa Rahmon Shittu, apẹja tó tún mọ ọkọ̀ ojú omi gbẹ́. Ìyá wọn ni Màríyámọ̀ Àṣàkẹ́, tó ń yan ẹja tà, tí ẹja wọn sì gbayì dé ọjà Mile 12. Àwa ọmọ-ọmọ kò bá wọn láyé púpọ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ni a ń pè wọ́n títí di òní, bí ẹni pé yàrá kejì ni wọ́n wà. Ọmọ odò ni Màmá wa. Títí wọ́n fi darúgbó, bí wọ́n bá jókòó ní pálọ̀, wọ́n á ká ẹsẹ̀ méjèèjì jọ bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tí kò fẹ́ kó mì.

Ní ọdún 1963 ni Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Pa Rahmon kò fi bẹ́ẹ̀ rí ohun tí ọmọbìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe. Ìyá Àgbà kò bá ọkọ wọn jà. Ní àràárọ̀, wọ́n á gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja sí apá kan ọkọ̀, wọ́n á gbé ọmọ sí apá kejì, wọ́n á ní, "Ẹja á tà, ọmọ á kàwé. Ọkọ̀ kan náà ló ń gbé àwọn méjèèjì." Báyìí ni Màmá ṣe ka ìwé mẹ́fà tán, tí wọ́n wọ girama, tí wọ́n sì lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Wọ́n máa ń sọ pé ní kíláàsì, òórùn ẹja yíyan wà lára aṣọ àwọn, àwọn ọmọ yòókù a sì máa fi ọwọ́ bo imú. Ojú ò tì wọ́n. Wọ́n ní òórùn ìyá àwọn ni.

Ní ọdún 1979 ni Màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Kétu. Òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè ni orúkọ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ayé ń pè wọ́n.

Níbẹ̀ ni bàbá wa, Alhaji Mùtíù Ọláìyá, ti pàdé wọn. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni bàbá wa, wọ́n ń gba iṣu lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń bọ̀ láti Òkè-Ògùn, wọ́n sì ń pín in fún àwọn tó ń tà á lẹ́yọ ní Mile 12. Lọ́jọ́ kan, wọ́n tiro wọ ilé ìwòsàn, wọ́n ní iṣu ló já lu àwọn lẹ́sẹ̀ lọ́jà. Màmá tẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, "Bọ̀ọ̀dá, iṣu wo ló ń rùn bí ọṣẹ?" Inú balùwẹ̀ ni bàbá wa ti yọ̀ ṣubú ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ojú ló ń tì wọ́n láti wí. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1982. Bí àwọn méjèèjì bá ń ṣe àríyànjiyàn lẹ́yìn náà, tí bàbá wa bá fẹ́ parọ́ díẹ̀, Màmá á kàn fa imú bí ẹni ń gbóòórùn, ọ̀rọ̀ náà á sì parí sínú ẹ̀rín.

Ohun tó tẹ̀ lé e yìí, Màmá fúnra wọn ló pàṣẹ pé lọ́jọ́ tí àwọn bá kú, kí a má ṣe fò ó.

Ní ọdún 1988, àyẹ̀wò fi hàn pé Ìyá Àgbà ní ìtọ̀ ṣúgà. Nítorí pé nọ́ọ̀sì ni ọmọ wọn, ọ̀rọ̀ ọmọ ni gbogbo agbo ilé ní Agboyi tẹ̀ lé. Màmá sì pàṣẹ. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá dùn kò gbọdọ̀ wọ ilé ìyá àwọn mọ́, ìbáà ṣe ṣúgà, ìbáà ṣe oyin, ìbáà ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Wọ́n ń gba àdídùn lọ́wọ́ àwọn ọmọdé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣúgà mu gààrí, kó gbé abọ́ rẹ̀ lọ sí etí odò. Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbogbo wọn ló fẹ́ràn Ìyá Àgbà. Ilé náà mọ́ kúrò lọ́wọ́ ṣúgà pátápátá.

Nínú ààwẹ̀ Ramadan ọdún 1991, Ìyá Àgbà ní àwọn yóò gbààwẹ̀ bí ẹgbẹ́ àwọn. Wọ́n lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà wọn ní sààrì, wọ́n sì jókòó ti ẹja lórí iná. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn bò wọ́n, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò já gaara mọ́, wọ́n sì ṣubú sórí ààrò. Apá jó, ẹ̀gbẹ́ jó. Wùmí, ìyàwó àbúrò Ìyá Àgbà, ti rí ẹni tí irú rẹ̀ ṣe rí, ó sì ní kí wọ́n sáré bá òun bu ṣúgà wá ní ilé kejì. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ jágbe mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Ṣúgà ló ń bá wọn jà, o tún fẹ́ fi ṣúgà kún un? Sẹ̀kínát ní kò gbọdọ̀ kan ìyá òun lẹ́nu." Wọ́n da omi tútù sí Ìyá Àgbà lórí, wọ́n fi epo pupa ra ibi tó jó, wọ́n gbé wọn sínú ọkọ̀. Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ ní òdìkejì, Ìyá Àgbà ti dákẹ́.

Lára iná ni wọ́n kú, ohun tí gbogbo ènìyàn sọ nìyẹn, ohun tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn nìyẹn. Màmá wa nìkan ló ń béèrè ohun tó ti ìyá wọn sínú iná, wọ́n sì mọ ìdáhùn rẹ̀. Oògùn tí wọ́n lò àti ààwẹ̀ ló jọ fa ṣúgà ara wọn wálẹ̀ jù. Ohun tó lè dá a padà kò ju ṣíbí ṣúgà díẹ̀ lọ, kò sì sí nílé, nítorí pé ọmọ tó fẹ́ kí ìyá òun pẹ́ láyé ti lé e jáde. Wọn kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ní Agboyi. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn èèyàn náà gbọ́ràn sí àwọn lẹ́nu ni.

Láti ìgbà náà ni àárò ìyá wọn ti ń sọ wọ́n. A kò mọ bí a ṣe lè wí i kó yé yín. Bí ẹni tó ń kiri ẹja yíyan bá gba àdúgbò kọjá, Màmá á dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, ohunkóhun tí wọ́n ń sọ á sì bọ́ sọnù. Nígbà tí a wà ní kékeré, a rò pé ẹja ni wọ́n kórìíra.

Ní ọdún 2010, wọ́n mú Màmá kún àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìlera láti ilé dé ilé fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Nǹkan méjì ni ìwádìí náà ń wá. Àkọ́kọ́ ni ìjàǹbá inú ilé: ṣíṣubú, jíjóná, ọmọdé tó mu kẹrosíìnì, àti irú bẹ́ẹ̀. Èkejì ni àwọn àìsàn bí ìtọ̀ ṣúgà àti gẹ̀gẹ̀. Dókítà Ògúntúndé ni ọ̀gá wọn, Godwin tó ń gbé ní Anthony ni wọ́n sì jọ ń rìn. Ìjọba kò mọ ìdí tí Màmá fi gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀. Ohun tí Màmá fẹ́ ni pé kí orílẹ̀-èdè yìí mọ̀ pé àìsàn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìṣubú tó wà nínú ilé ìdáná lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ìbéèrè tí wọ́n kọ fún wọn ni pé: láti bí ọdún kan sẹ́yìn, ta ló fara pa nínú ilé yìí? Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwa Yorùbá ń dáhùn. "Àlàáfíà la wà o. Ẹnikẹ́ni ò fara pa. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ á rí i." Obìnrin á wí bẹ́ẹ̀, á sì fi ìborùn bo ọwọ́ tó bó. Kì í ṣe pé wọ́n ń parọ́. Ta ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kó máa ka ibi sórí ilé ara rẹ̀ fún àlejò? Nígbà tí wọ́n kó èsì jọ, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe tí Kétu wà di ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ṣubú. Dókítà Ògúntúndé wò ó, ó ní, "Madam Ọláìyá, ṣé Kétu ti di àlùjánnà ni?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní Alápẹ̀rẹ̀ ni ojú wọn là. Ìyá àgbàlagbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún Màmá àti Godwin pé kò sí ewu kankan nílé òun. Bí wọ́n ṣe ń dìde ni aládùúgbò kan yọjú, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ewu o, Mummy. Mo gbọ́ pé ẹ yọ̀ ṣubú." Ìyá náà bú sí ọpẹ́. Wọ́n sọ bí òòyì ṣe kọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, bí orí wọn ṣe gbá ilẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe yọ wọ́n. Màmá padà jókòó, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n wọn ṣúgà ara ìyá náà, ó sì ti ga kọjá ààlà, wọn kò mọ̀ rí pé àwọn ní àìsàn náà.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Láti ọjọ́ náà, Màmá àti Godwin kò béèrè ẹni tó fara pa mọ́. Wọ́n á kí onílé pé ẹ kú ewu, wọ́n á wá ní, "Ewu wo ni Ọlọ́run yọ yín nínú rẹ̀ nílé yìí láti èṣí?" Ẹnu ṣí. Ẹni tó ṣubú lórí àga níbi tó ti ń fi kọ́tìnnì kọ́ jẹ́rìí. Ẹni tí omi gbígbóná dà lé lọ́wọ́ jẹ́rìí, wọ́n fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, wọ́n rí i pé gẹ̀gẹ̀ ló ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Bàbá kan ní Mende, ẹni iyì, tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń tàsé àtẹ̀gùn, sọ ọ́ fún Màmá ní ìdúró. Dókítà Ògúntúndé gbé ìbéèrè náà lọ sí Àbújá, wọ́n gbà á, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè àwọn ẹlòmíì.

Ó yẹ kí inú Màmá dùn, ó sì dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n Godwin sọ fún wa pé bí àwọn ṣe ń padà sílé lọ́jọ́ kan, Màmá sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Ẹni tó yọ ló ń jẹ́rìí. Ẹni tí ò yọ ńkọ́? Màmá mi ò lè wà nínú eléyìí láéláé."

Nílé, ẹ kú orí ire bí ẹ kò bá gbé pẹ̀lú wọn. Nígbà tí bàbá wa kọ́ ilé tó wà ní Ìkòsì, wọ́n ra táìlì tó ń dán bí jígí, wọ́n sì ń fi í yangàn fún àwọn oníṣu ẹgbẹ́ wọn. Màmá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní àwọn kò wọlé. Wọ́n jókòó síta títí bàbá wa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fi táìlì náà, ó sì tú u kúrò. Ilé wa nìkan ló ní ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí kò dán ní gbogbo àdúgbò náà. Bàbá wa ní owó ni àwọn fi ra ìtìjú. Ṣùgbọ́n wọ́n dàgbà, wọ́n darúgbó, wọn kò ṣubú lórí rẹ̀ rí.

Ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni Màmá máa ń fi ọ̀rá ṣúgà kékeré kan kọ́. Wọ́n ń pín irú rẹ̀ fún gbogbo ilé tí wọ́n bá mọ̀ pé ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà wà, wọ́n á sì kó gbogbo ará ilé jọ, wọ́n á kọ́ wọn ní àmì rẹ̀: bí ẹni náà bá ń gbọ̀n, tí òógùn bò ó, tí kò sì mọ ohun tó ń sọ mọ́, bí ó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ po ṣúgà fún un kíákíá, kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn ọmọ-ọmọ ń jí ṣúgà tiwa jẹ. Màmá mọ̀, wọn kò bá wọn wí, wọ́n kàn ń fi òmíràn kọ́ ni. Iṣẹ́ yìí kan náà ni wọ́n ń ṣe nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Mùsùlùmí ní Ìkòsì, pàápàá nígbà tí ààwẹ̀ bá kù díẹ̀. Wọ́n á ní kí àwọn tó ń lo oògùn lọ rí dókítà kí wọ́n tó gbààwẹ̀, wọ́n á sì ní Ọlọ́run kò gba ẹ̀mí ìyá ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bùn ààwẹ̀. Àwọn kan bínú sí wọn fún ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ń wí i lọ.

Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 2014. Wọ́n fẹ̀yìntì ní ọdún 2016. Bàbá wa fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2019, ibùsùn wọn ni wọ́n ti lọ. Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni ìtọ̀ ṣúgà dé bá Màmá fúnra wọn. Wọ́n ní àwọn ti ń retí rẹ̀, pé ohun tí àwọn jogún lọ́dọ̀ ìyá àwọn yàtọ̀ sí ìrísí ojú nìyẹn. Ní àkókò yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà lójoojúmọ́. Àwọn àgbà ní ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Màmá wa kò ṣubú, síbẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ń wò.

Ní ìparí ọdún 2024, àwọn olùwádìí tún dé Ìkòsì. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Folúkẹ́ ló kan ilẹ̀kùn wa, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Hidayat, àkọ́bí wa, ló ṣí i. Kí àlejò tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, Hidayat ti ní, "Àlàáfíà la wà o, Aunty. Kò sí problem kankan." Ọmọ Alhaja Ọláìyá ló wí bẹ́ẹ̀. Màmá gbọ́ ọ láti orí àga wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Wọ́n ní kí ọmọ náà wọlé.

Folúkẹ́ kúnlẹ̀, ó kí Màmá, ó wá ní, "Ẹ kú ewu, Mummy. Ewu wo ni Ọlọ́run yọ yín nínú rẹ̀ nílé yìí láti èṣí?" Kò mọ̀ pé iwájú ẹni tó kọ́kọ́ béèrè rẹ̀ ni òun wà. Ẹ̀rín kúrò lójú Màmá. Wọ́n ní, "Màmá mi ṣubú sínú iná. Màríyámọ̀ Àṣàkẹ́ ni wọ́n ń jẹ́. Wọn ò yọ."

Folúkẹ́ wo Hidayat. Ọmọbìnrin náà rọra ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mummy. Ìgbà wo nìyẹn? Torí wọ́n ní kó jẹ́ láàárín ọdún kan."

Màmá wò ó, wọ́n ní, "Lójú tèmi, kò tíì pé ọdún."

Folúkẹ́ kò bá wọn jiyàn. Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà sórí ìjókòó, ó sì di ọwọ́ wọn mú. Kò rí ibi tí yóò kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí Hidayat gbé fún un sì gbóná níwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, Alhaja Sẹ̀kínát Àbẹ̀kẹ́ Ọláìyá dágbére fún ayé ní ọdún 2025 yìí, ní ọjọ́ Alámìísì tó kọjá, lẹ́yìn ìrun Àìlà. Orí ibùsùn wọn ni wọ́n wà, Hidayat wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sí ìṣubú, kò sí iná. Wọ́n sin wọ́n lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti là á kalẹ̀.

Wọ́n fi àwọn ọmọ sílẹ̀ sáyé. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí náà orúkọ la ó dá: Hidayat ni àkọ́bí, Junaid ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni Kabir, Súmbọ̀ sì ni àbígbẹ̀yìn. Wọ́n fi àwọn ìyàwó ọmọ àti ọkọ ọmọ sílẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ tó ń jí ṣúgà jẹ, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tí Hidayat ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyá àgbà fún, àwọn àbúrò ní Agboyi, àti Wùmí, ìyàwó àbúrò Ìyá Àgbà, tí Màmá ń pè ní ìyá títí ọlọ́jọ́ Màmá fi dé.

Àwọn èèyàn ń tù wá nínú, wọ́n ní ọjọ́ ń gorí ọjọ́, pé tó bá yá, kò ní dùn wá tó báyìí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin tí ọdún ìyá rẹ̀ kò pé títí tó fi kú ni a ti jẹun dàgbà, a sì mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń rí.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Àṣàkẹ́, kí Ọlọ́run forí àṣìṣe yín jì yín, kó fi àlùjánnà onídẹ̀ra ṣe ilé yín. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ìyá yín, ẹ sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ má kánjú dìde. Ọdún tiyín ti pé. Tiwa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ sùn re o, Mummy.